Scroll saw wo ni kí ẹ rà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa gé orúkọ Yorùbá sára igi

Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo fi ẹ̀rọ gé sára pákó kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: AYỌ̀. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Houston níbí la ti sọ ọ́ lórúkọ, mo sì fẹ́ kó ní ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ sókè ibùsùn rẹ̀. Bléèdì onípíìnì, èyí tí irin kékeré gba orí àti ìdí rẹ̀ kọjá, ni ẹ̀rọ tí mo rà nígbà náà ń lò, ihò tí píìnì yẹn sì máa gbà kọjá tóbi ju àmì orí Ọ̀ lọ. Mo bá fo àmì náà. Mo fo ti abẹ́ pẹ̀lú, torí n kò tíì mọ̀ pé dírílì nìkan ti tó fún un. Nígbà tí àbúrò mi gbé e wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o, àmọ́ ayò ọlọ́pọ́n lẹ fẹ́ kí n gbé kọ́ sókè orí ọmọ mi.”

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èmi ti jáwọ́ nínú ìbéèrè yẹn. Ohun tí mò ń béèrè ni pé: ìṣẹ́jú mélòó ni mo máa lò kí n tó tú bléèdì, kí n tì í bọ ihò, kí n sì tún un dè? Ìdáhùn sí ìyẹn ni mo fi gbé àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ yìí sórí ìwọ̀n.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe?

Ẹni tí kò bá rí scroll saw rí, kó ro ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò lójú kan, télọ̀ ló ń darí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bléèdì tín-ín-rín, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5, ṣe ń lọ sókè sódò láàárín apá méjì, ẹ̀yin lẹ ó máa yí pákó sí i. Ó lè gba kọ̀rọ̀ tí ayùn káfíńtà kò lè gbà rárá. Òun ni wọ́n fi ń gé àwòrán àjápọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣeré, ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì, àwòrán ojú èèyàn, àti abọ́ pàápàá. Wọ́n á tẹ pátánì sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, wọ́n á sì tẹ̀ lé ìlà. Àwọn tó ń ṣe é fún fàájì kì í ṣahun pátánì. Ẹ máa rí ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ tó bá ti kan orúkọ tiwa, àfi kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ỌLÁJÙMỌ̀KẸ́. Lẹ́tà mẹ́sàn-án, àmì ohùn mẹ́rin, àmì abẹ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ náà jẹ́ ihò lára pákó, tí iná á máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ tàn jáde, ihò 16 nìyẹn. Dírílì máa lu àmì abẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku 13 tí bléèdì gbọ́dọ̀ bọ́ sí; orí àti ìdí rẹ̀ ni wọ́n sì dè, torí náà ẹ máa tú u, ẹ ó sì tún un dè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. MICHAEL kò ju 7 lọ. Lórí ẹ̀rọ tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ihò kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 máa lọ sórí títú àti dídè nìkan. Lórí èyí tó ń gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kò tó ìṣẹ́jú 7. Ẹ má sì gbàgbé pé inú Ọ méjèèjì àti inú Á máa já bọ́ tí ẹ kò bá fi afárá tín-ín-rín sílẹ̀ láti so wọ́n mọ́ ara pákó.

Ayùn ọwọ́

Ayùn kékeré tí irin rẹ̀ tẹ̀ bíi lẹ́tà U. Bléèdì íǹṣì 5 kan náà ló ń lò, owó rẹ̀ kéré, kò sì nílò iná. Knew Concepts ní Amẹ́ríkà ń ṣe èyí tó dára gan-an. Fún AYỌ̀ tàbí ADÉ, ó tó. Fún ỌLÁJÙMỌ̀KẸ́, ọrùn ọwọ́ yín á sọ fún yín. Ẹni tí kò bá tíì dá lójú pé iṣẹ́ yìí máa wù ú pẹ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré oníǹṣì 16

WEN 3921 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá bẹ̀rẹ̀. Íǹṣì 16 yẹn ni ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín bléèdì àti ẹ̀yìn apá ẹ̀rọ. Ó máa ń lọ láti ìgbà 400 sí 1600 ní ìṣẹ́jú kan. Ó gba bléèdì onípíìnì, ó sì gba èyí tí kò ní píìnì. Owó rẹ̀ kì í sábà kọjá dọ́là 200.

Tí ẹ bá rà á, ẹ gbé bléèdì onípíìnì tó bá a wá fún ẹlòmíràn. Ihò tí píìnì máa gbà kọjá kò kéré ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lọ. Èyí tí kò ní píìnì lè gba ihò tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ. Ibi tí àmì ohùn ti ń kú tàbí yè nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tó di bléèdì aláìnípíìnì mú lára irú ẹ̀rọ yìí kéré, ìka àgbàlagbà kì í rọrùn bá a ṣe, pàápàá ti ìsàlẹ̀ tábìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ihò kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, orí irú ẹ̀rọ yìí ni mo ti lò ó.

Ó tún máa ń gbọ̀n. Ẹ fi bóòtù dè é mọ́ tábìlì tó wúwo, kì í ṣe tábìlì oúnjẹ. Màdáàmù ilé mi ti bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun mìíràn ni gígùn pákó. Tí ẹ bá ń gé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀, pákó yín máa yí káàkiri, ìdí rẹ̀ á sì máa lọ kọlu ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó bá gùn ju ọ̀fun lọ. ỌLÁJÙMỌ̀KẸ́ tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 2 máa tó íǹṣì 18 kí ẹ tó fi àyè sáàárín wọn. Àbùjá kan wà: bléèdì alọ́po, èyí tí wọ́n lọ́ bí okùn, ń gé níhà gbogbo, torí náà kò pọn dandan kí ẹ yí pákó. Àmọ́ ojú ibi tó gé máa ń fẹ̀, ó sì máa ń rí játijàti. N kì í lò ó fún lẹ́tà.

DeWalt DW788

Èyí ló wà nínú gáréèjì mi báyìí. Ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20, ó ń lọ láti 400 sí 1750 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì wúwo tó pọ́n-ùn 56, èyí tó jẹ́ ìdí kan tí kì í fi í gbọ̀n púpọ̀. Bléèdì onípíìnì kò lè wọ inú rẹ̀ rárá, mo sì kà á sí oore. Ìka nìkan ni ẹ ó fi tú bléèdì, ẹ kò nílò ohun èlò kankan. Ibi tí ẹ ó ti tàn án, ibi tí ẹ ó ti dín eré rẹ̀ kù, àti ibi tí ẹ ó ti fa bléèdì le, iwájú lókè ni gbogbo wọn wà, kò sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ wá nǹkan.

Apá òkè rẹ̀ ṣeé gbé sókè. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo tú orí bléèdì, mo gbé apá náà, mo sọ ihò pákó lé bléèdì láti òkè bí ẹni ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn, mo tún orí rẹ̀ dè. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Àléébù rẹ̀ ni pé apá náà kì í fúnra rẹ̀ dúró sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá nǹkan gbé e ró. Igi pẹlẹbẹ kan ni tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Ẹ múra sílẹ̀ fún dọ́là 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí orí wọn ń dàgẹ̀rẹ̀: Excalibur, Seyco, Pegas

Tí ẹ bá fẹ́ gé nǹkan ní dídàgẹ̀rẹ̀ lórí WEN tàbí DeWalt, tábìlì ló máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó á sì fẹ́ yọ̀ lọ. Excalibur EX-21, Seyco ST-21 àti ẹ̀rọ Pegas oníǹṣì 21 kò rí bẹ́ẹ̀: orí ẹ̀rọ ló ń dà, tábìlì dúró gbọnrangandan. Ẹni tó fẹ́ máa gé abọ́ láti ara pákó kan ṣoṣo, òrùka nínú òrùka, tàbí tó fẹ́ fi igi aláwọ̀ kan sínú ti òmíràn láìsí àlàfo, irú èyí ni kó rà. Apá wọn ga sókè, ó sì ń dúró níbẹ̀.

Owó wọn máa ń tó dọ́là 1,000, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Fún orúkọ nìkan, n kò rí ìdí tí ẹ fi máa san án. Orúkọ kì í dàgẹ̀rẹ̀.

Hegner

Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó ní i máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ Peugeot 504: ó rọrùn ún tọ́jú, kò sí kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lára rẹ̀, ọmọ á sì bá a nílé. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Mo máa padà sórí rẹ̀ tá a bá dé ọ̀rọ̀ iná.

| | Ọ̀fun (íǹṣì) | Bléèdì onípíìnì | Ohun tó ń dàgẹ̀rẹ̀ | Ta ló yẹ? |
|---|---|---|---|---|
| WEN 3921 | 16 | Ó gbà á | Tábìlì | Ẹni tó ń dán an wò |
| DeWalt DW788 | 20 | Kò gbà á | Tábìlì | Ẹni tó fẹ́ gé orúkọ gígùn |
| Excalibur EX-21 | 21 | Kò gbà á | Orí ẹ̀rọ | Ẹni tó fẹ́ gé abọ́ |

Laser ńkọ́?

Wọ́n máa ń bi mí. Laser, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán iná gé igi, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ihò 13. Ó máa gé ỌLÁJÙMỌ̀KẸ́ tàmì-tàmì kí ẹ tó mu tíì tán. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa ta orúkọ ogún lọ́sẹ̀, ẹ lọ ra laser, ẹ má da ara yín láàmú. Àmọ́ etí ibi tó gé máa ń dúdú, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ fèrèsé, ojú sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò ààbò. Ti owó pọ́ọ́kú kò lè la igi líle tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, èyí tí scroll saw máa gé láìkùn. Èmi kì í sì í tà. Mo fẹ́ràn kí ọwọ́ mi máa yí pákó.

Bléèdì

Dọ́sìnnì-dọ́sìnnì ni wọ́n ń tà á, torí ó máa ń já. Pegas, Olson àti Flying Dutchman ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù. Nọ́ńbà tó bá kéré, bléèdì rẹ̀ ló tín-ín-rín jù: nọ́ńbà 1 fún pláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 3 fún èyí tó nípọn díẹ̀, 5 sókè fún igi gidi. Ẹ béèrè fún èyí tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè; kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn pákó ya fẹ́rẹfẹ̀rẹ. Ẹ fi téèpù páálí bo pátánì kí ẹ tó gé e, igi kò ní tètè jó.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé

Fóltì 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn ti sun owó nìyẹn. DW788 ń fa ámípù 1.3, tó bá di ti fóltì 120, wáàtì 156 ni. Step-down (ẹ̀rọ tó ń dín fóltì kù) oníwáàtì 500 máa gbé e láìlàágùn, jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour” náà sì tó o. Ẹ̀rọ tí eré rẹ̀ kò ṣeé yí padà lè rọra lọ díẹ̀, torí step-down kì í yí 50 Hz ti iná ilé padà sí 60 ti Amẹ́ríkà. Hegner tí wọ́n ṣe fún Jámánì bá iná ilé mu tààrà, ẹnu wáyà rẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Tí mo bá ń ra ẹ̀rọ fún ẹni tó wà nílé, tí owó sì wà, ibẹ̀ ni mo máa lọ.

Igi kò ní wọ́n yín nílé. Arère rọ̀, ó fúyẹ́, ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gànwó ní àwọ̀ tó ń wu ojú. Ìrókò lẹ́wà, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń yọ imú àti ara lẹ́nu. Ẹ má gé e láìlo ìbòmú.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀

Púpọ̀ nínú DW788 tó wà nígboro ni ẹlòmíràn ti lò rí, kò sì burú. Ẹ fi ọwọ́ mi apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì; tó bá ń mì, bẹ́árìnì rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ tan án, ẹ gbé eré rẹ̀ sí àárín, kí ẹ wá gbé kọ́ìnì kan dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀rọ náà. Tó bá dúró, ẹ sanwó. Tó bá ṣubú, ẹ wo bóyá wọ́n dè é mọ́ ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún un gbé. Tó bá tún ṣubú, ẹ yọ dọ́là 100 kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san, tàbí kí ẹ kí olówó ẹ̀rọ pé ó dàbọ̀.