Ẹ̀rọ dísíkẹ́ẹ̀tì USB ti ọjà Àjàṣẹ́: ohun tó lè kà, àti iye ìwé tí dísíkẹ́ẹ̀tì kan ń gbà

Ẹ̀rọ dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń pàtẹ mọ́ ṣájà àti okùn fóònù ní Ouando, ọjà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), yìí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára. "USB FDD" ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó tán. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la lè tìtorí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ rà á: kó kó ọ̀rọ̀ kúrò nínú dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ (pẹlẹbẹ onírọ́bà tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì nígbà kan) wá sórí kọ̀ǹpútà. Fún ìyẹn, ó tó owó tí wọ́n ń dá lé e, bẹ́ ẹ bá ti ná an dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìwé tuntun, kó lọ ra clé USB. Sony tó kọ́kọ́ gbé dísíkẹ́ẹ̀tì oní íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ jáde ní 1981 ti ṣíwọ́ títà á ní Japan láti 2011, nítorí náà èyí tí wọ́n bá pè ní tuntun fún yín lọ́jà, ó ti pẹ́ nínú páálí.

Lára páálí Faransé, "1,44 Mo" (mégábáìtì) lẹ máa rí. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣírò nǹkan kan. Dísíkẹ́ẹ̀tì ní ojú méjì, ipa 80 ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, sẹ́kítọ̀ (ègé) 18 lórí ipa kọ̀ọ̀kan, báìtì (òṣùwọ̀n àyè fáìlì) 512 nínú sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, 1,474,560 ni. Sẹ́kítọ̀ 33 ti bá ètò dísíkì àti àkójọ orúkọ fáìlì lọ. Ó ku 2,847, ìyẹn báìtì 1,457,664. Òun ni kẹ́ ẹ máa fi ìwé yín pín.

Feuillet kan tí àwọn oníwèé ìròyìn Faransé ń lò jẹ́ 1,500, ká ka lẹ́tà, àlàfo àti àmì ìdánudúró pọ̀. Bí lẹ́tà lásán ni, láìsí àmì lórí, dísíkẹ́ẹ̀tì kan á gba feuillet 971. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú UTF-8, ètò tí kọ̀ǹpútà òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, "a" gba báìtì kan, "á" gba méjì, "ẹ" gba mẹ́ta, "ẹ́" gba márùn-ún. Ẹ wo òwe yìí:

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ká ka lẹ́tà, àlàfo àti àmì ìdánudúró rẹ̀ pọ̀, 41 ni. Báìtì rẹ̀ jẹ́ 61. Bí kíbọ́ọ̀dù yín bá sì ń ya àmì kúrò lára lẹ́tà, ó di 69. Àwọn tó ń fi álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin kọ ọ́ jèrè díẹ̀: báìtì méjì ni "ɔ" ń gbà, òwe náà á sì dúró sí 57. Tí gbogbo ìwé bá rí bí òwe yìí, feuillet 653 ni dísíkẹ́ẹ̀tì kan á gbà, tàbí 577 fún kíbọ́ọ̀dù tó ń ya àmì, tàbí ó súnmọ́ 700 fún àwọn onílẹ́tà "ɔ". Fáìlì .doc kò sí nínú ìṣirò yìí rárá, nítorí ẹrù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìwọ̀n fáìlì fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: dísíkẹ́ẹ̀tì lè ní òun kún nígbà tí àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ààyè orúkọ 224 péré ló wà níta fódà. Fáìlì tó ń jẹ́ "Oríkì ìdílé wa.txt" á gba mẹ́ta nínú rẹ̀ nítorí orúkọ rẹ̀ gùn, ó sì ní àmì. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ 74, ó parí. Ẹ kó wọn sínú fódà, ìyọnu tán.

Ká wá padà sórí ẹ̀rọ náà. Kẹ́ ẹ tó ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ẹ ti bọ́tìnnì kékeré igun rẹ̀ títí ihò á fi là, kí nǹkan kan má bàa kọ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fa irin tó bò ó lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fìka yí àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná. Bẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n funfun bí ìyẹ̀fun, ó ti bu nìyẹn. Ọ̀rinrin ọ̀sà kò jẹ́ kí èyí ṣọ̀wọ́n ní Àjàṣẹ́. Eruku ọyẹ́ ló máa ń pọ̀ jù lára àwọn tó bá ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wá. Ẹ má ki èyí tó bu bọ ẹ̀rọ. Á lẹ̀ mọ́ orí tó ń kàwé, orí náà á sì máa ha gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Òwú pẹ̀lú ọtí isopropyl tó tó 90% la fi ń nu orí náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ojú USB ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kẹ́ ẹ fi okùn rẹ̀ sí. Milliampere 500 ni ojú USB 2.0 ń fúnni, mọ́tò ẹ̀rọ yìí sì fẹ́ràn láti lo èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Lórí hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀, á yí, á dún kọ́kọ́kọ́, á sì pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Bí Windows bá ní kẹ́ ẹ ṣe format (ìyẹn kẹ́ ẹ nu gbogbo rẹ̀), ẹ dáhùn pé rárá. Lórí Linux, ẹ fi àṣẹ lsblk wo orúkọ tó jẹ́ (bí kì í bá ṣe sdb, ẹ fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀), lẹ́yìn náà ẹ fi àṣẹ yìí da gbogbo rẹ̀ kọ sínú fáìlì iwe.img:

ddrescue -d -r3 /dev/sdb iwe.img iwe.map

Báìtì 1,474,560 géérégé ni iwe.img gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìgbà 300 ni dísíkẹ́ẹ̀tì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kò sì lè parí kí ìṣẹ́jú-àáyá 32 tó pé. Bó bá ti ń pẹ́ lórí ibì kan, ẹ gbìyànjú ẹ̀rọ míì: orí ẹ̀rọ tó kọ ọ́ lè ti wọ́ díẹ̀ nígbà náà, kó jẹ́ pé ẹ̀rọ tiwa ni kò bá a dọ́gba.

Kò lè ka dísíkẹ́ẹ̀tì ńlá oní íǹṣì márùn-ún, kò lè ka ti Mac oní 400 àti 800 Ko (kílóbáìtì). Òmíràn nínú wọn kì í ka 720 Ko, èyí tó ní ihò ẹyọ kan, nítorí náà ẹ mú ọ̀kan dání, kẹ́ ẹ dán an wò lórí tábìlì ọlọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bí ọ̀rọ̀ Faransé tẹ́ ẹ kó jáde bá ń fi "‚" hàn níbi tó yẹ kí "é" wà, CP850, ètò lẹ́tà àtijọ́, ni wọ́n fi kọ ọ́: àṣẹ iconv -f CP850 -t UTF-8 á tún un ṣe. Tí Yorùbá bá jáde wúruwùru, fọ́ǹtì pàtàkì kan ni wọ́n lò; ẹ wá fáìlì .TTF nínú àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì tó kù kẹ́ ẹ tó pa ìkankan rẹ́.