Páìpù èéfín ọkọ̀ tó ní tọ́bò: 2.5 ínṣì tàbí 3?

Ẹ má jẹ́ kí ìdajì ínṣì tàn yín jẹ. Ihò páìpù 3 ínṣì fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju ti 2.5 lọ. Ohun tí tọ́bò, ìyẹn fáànù tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì, ń fẹ́ nìyẹn: kí èéfín tètè rí ọ̀nà jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé páìpù gbọ́dọ̀ dí èéfín lọ́nà díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó lágbára, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ni wọ́n ń fà wá síbí.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà. 3 ínṣì máa ń sún mọ́lẹ̀, kòtò àti gálọ́pù ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ká má tíì sọ ti ariwo. Bí ẹ́ńjìnnì yín ò bá ní kọjá 250 họ́ọ̀sì páwà, 2.5 tó, owó rẹ̀ sì kéré. Tó bá ń lọ sí 350, ẹ ra 3. Kí wẹ́dà má ṣe tẹ̀ ẹ́ títí kọ́nà rẹ̀ á fi rún o. Asán ni 3 tó ti rún.

Èmi? 3 láti ẹnu tọ́bò dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀, 2.5 látibẹ̀ dé ẹ̀yìn. Èéfín ń tutù bó ṣe ń lọ, ó sì ń súnkì.