Ìsọ̀ aláró kan ní ọjà Kàbà: ẹ ṣọ́ haidirọ́ọ̀sì wọn

Aró búlúù wọn dáa; ó ń mú gínì funfun, kì í tètè ṣí. Pupa ni kò tó: akẹ́kọ̀ọ́ aró tó bá fẹ́ sún mọ́ àwọ̀ aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú àwọn ará Búnú, yóò rẹ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ haidirọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun tí a ń dà sí aró kó lè yọ́! Wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ lórí àtẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gba agbára rẹ̀. Èyí tó bá ti dì bí iyọ̀ àsìkò òjò, ẹ má rà á. Aró ò ní yọ́ tán, aṣọ á dà tótòtó. Ṣíbí aró kan, kọ́sítíìkì (sódà tó ń jó awọ) kan, haidirọ́ọ̀sì méjì ni ìwọ̀n. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó da kọ́sítíìkì sí i. Ẹ jẹ́ kí aró náà tutù díẹ̀, kó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí aṣọ alábẹ́là, èyí tí a fi àbẹ́là ya ọnà sí, tó wọ̀ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọnà á yọ́ dànù.