Oṣù méje tí mo fi SSD sínú kọ̀ǹpútà ilé wa: ohun tí mo rí rèé

Oṣù méje rèé tí mo ti yọ hard disk (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí) inú kọ̀ǹpútà wa ní Tanke, nílùú Ìlọrin, tí mo fi SSD 240GB rọ́pò rẹ̀; iṣẹ́ kan náà ni SSD ń ṣe, ṣùgbọ́n ó yára jù. Ẹni tí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ náà bá ń ṣàdédé hang (tó ń gan, tí kò dáhùn mọ́), kó gbọ́ tèmi kó tó náwó.

Dell OptiPlex 7010 ni, tòkunbọ̀, Core i5 ìran kẹta ni ọpọlọ rẹ̀. Ìyàwó mi ló ń fi í tẹ ìbéèrè ìdánwò fún ilé kéwú. Lọ́jọ́ kan, ó ti tẹ̀ ẹ́ dé ìbéèrè kejìdínlógójì nígbà tí gbogbo rẹ̀ gan. Aago orí rẹ̀ dúró sí 4:17, máòsì kò sún, iná kò sì lọ. Kò tíì save ohunkóhun. Ẹ má bi mí bí alẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí nílé wa.

Mo gbé e lọ bá onítúnṣe kan ní Taiwo. Kò béèrè ìgbà tó máa ń hang, kò ṣí ikùn rẹ̀ wò. "Virus ni, Alfa, ẹ jẹ́ ká format ẹ̀." ₦5,000. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dára. Mo gbé e padà, ó tún format, ó tún gba ₦5,000. Ní ọjọ́ kẹfà, ó tún gan! Àṣé format oníwàràwàrà yẹn kò yàtọ̀ sí kéèyàn ya ojú ewé àkóónú ìwé dànù, kó kọ òmíràn sí i: ibi tí ikán ti jẹ nínú ìwé ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló là mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá tún gan, ẹ tẹ Caps Lock." Bí iná Caps Lock bá ń tàn tó ń kú, ẹ̀rọ náà ṣì ń mí, nǹkan kan ló ń dúró dè. Bí kò bá yí padà rárá, ooru, RAM (pátákó kékeré tó ń di iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ mú) tàbí power supply (ohun tó ń pín iná fún un) ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Tiwa ń tàn, tó ń kú. Iná hard disk tó wà níwájú sì tàn kalẹ̀, kò ṣẹ́jú.

Síbẹ̀, a yọ wáyà iná, a ṣí i. Eruku ọyẹ́ tó wà lórí fáànù nípọn bí òwú! A fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun gbá a, mo fi ìka di fáànù mú kó má baà yí. A yọ RAM, a fi írésà nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ góòlù. Ariwo fáànù rọlẹ̀, ṣùgbọ́n hang kò lọ.

CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìlera disk wò, ló tú àṣírí. Ọ̀fẹ́ ni. Bí a ṣe ṣí i báyìí, yẹ́lò: Caution, ìkìlọ̀. Níwájú Current Pending Sector (iye ojú ibi tí disk kò rí kà dáadáa), nọ́ńbà wà níbi tó yẹ kí òdo wà. Ojú ibẹ̀ ni disk náà ń tiraka láti kà, léraléra, tí Windows á sì dúró dè é.

₦23,000 ni mo ra SSD náà lẹ́bàá Post Office. A kọ́kọ́ kó ẹrù wa kúrò lórí disk àtijọ́. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ mẹ́ta kò ṣí mọ́ láéláé. Wáyà méjì tí disk àtijọ́ ń lò náà ni SSD lò. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá tan kọ̀ǹpútà, mo lè ṣe àlùwàlá kí n tó padà dé bá a. Ní báyìí, kò tó ìṣẹ́jú ààyá ogún. Kò tíì hang lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ SSD kì í ṣe UPS, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ: iná tó ń ṣe ségesège ti pa á mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì sọ ẹ̀rọ àtijọ́ di tuntun: i5 ìran kẹta kò sí lára àwọn tí Microsoft gbà fún Windows 11, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù October, 2025.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún SSD náà. Ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan ni pé kò sí ìdè tàbí síkúrù kankan nínú páálí rẹ̀. Íǹṣì 2.5 ni òun, íǹṣì 3.5 ni ààyè inú kọ̀ǹpútà. Sẹ́lótéèpù la fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Nítorí pé kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà títí dòní.