Àpótí Ìyàwó Àtijọ́ láti Yúróòpù: Ṣé Ọ̀dà Ni Ká Wò, àbí Pákó?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi àti ìgbà tí wọ́n ṣe àpótí tí ìyàwó ń kó ẹrù rẹ̀ sí, ọ̀dà ló rọrùn jù, ojú lásán ti tó o. Òdòdó ràgàjì tó ń rú bí ìtàkùn elégédé, tí wọ́n ń pè ní kurbits, Dalarna ní Swídìn ni. Ewé tó lọ́ bíi lẹ́tà C àti S, ẹ wo ọ̀nà Telemark ní Nọ́wè. Ní Bavaria, ní Jámánì, àti ní Ọ́stríà, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ìyàwó àti ọdún síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà máa ń purọ́, torí wọ́n lè tún un kùn. Tẹ́ ẹ bá rí "1680" tí wọ́n fi búlúù Prussia kọ, ẹ fura: lẹ́yìn 1700 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwọ̀ yẹn ní Berlin.

Pákó kì í tètè parọ́, àmọ́ ó gba wàhálà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀: àpá ayùn tó tẹ̀ bí ọrun, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ayùn ọlọ́wọ́ ayé àtijọ́. Igi páìnì tí wọ́n ń pè ní arolla, tó ń ta sánsán, orí òkè Alps àti Carpathia ló ti ń hù. Páìnì yòókù wà káàkiri, kò sọ ìlú kankan.

Tó bá jẹ́ fọ́tò nìkan lẹ rí, ọ̀dà náà lẹ máa gbára lé. Tówó ńlá bá fẹ́ jáde, ẹ dojú àpótí délẹ̀ ná.