Mo bá àwọn tó ń jà fún ẹranko ṣe fọlọ́ntíà ní Mushin, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ọmọ iléèwé àti ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ajá, ológbò àti adìyẹ, ẹ lọ jàre, àmọ́ ẹ má rò pé ọmọ ajá lẹ fẹ́ lọ gbé mọ́ra ya fọ́tò o. Ẹnu àti ẹsẹ̀ lẹ máa lò jù. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo máa bú wọn díẹ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn dáa gan-an. Dókítà ẹran kan ló kọ́ wa, màmá yẹn ò ṣeré rárá. Ó ní dìgbòlugi tá a mọ̀ yìí, tó bá ti fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àtúnṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé dènà: tí ajá bá gé èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ wá gbéra lọ sọ́sípítù lójú ẹsẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa wá epo pupa kiri. Nínú 100 àwọn tí ẹran tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi ń gé jẹ, nǹkan bí 40 ni ò tíì pé ọmọ ọdún 15, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti iléèwé bẹ̀rẹ̀.

Iléèwé pámárì ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n ní tí ajá tẹ́ ẹ ò mọ̀ bá ń bọ̀, ẹ má sáré, ẹ má wo ojú ẹ̀, ẹ ká ọwọ́ mọ́ra kẹ́ ẹ di igi. Gbogbo kíláàsì di igi, ọ̀kan tiẹ̀ ní igi máńgò lòun. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé Five Freedoms jáde, òmìnira márùn-ún fún ẹranko tí wọ́n kọ nílùú ọba ní 1979, wọ́n ń kà á lóyìnbó lọ ràì, àwọn ọmọ ti ń sùn. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ṣe fọlọ́ntíà ló dìde tó ní ẹni tó máa fi igi ṣóṣóró gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara ẹ̀ wò. Wọ́n jí! Ọmọ kan ní á jẹ́ pé adìyẹ tí wọ́n ń dorí ẹ̀ kodò sára kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń dùn ún nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ látàárọ̀ nìyẹn o!

Àdúgbò ló le. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n má so ajá mọ́ ṣéènì kúkúrú, wọ́n á ní èèyàn ò tíì jẹun ẹ ń sọ̀rọ̀ ajá, wọn ò sì parọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọ̀fẹ́ wá fún ajá, hàà, mi ò mọ ibi tí gbogbo ajá yẹn ti ń jáde. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ajá sínú káàdì, bàbá kan ní Tanímọ̀la, ìyá tó tẹ̀ lé e ní Ó-dùn-wọ́n ni tòun, aládùúgbò ẹ̀ ní "ta ló dùn?", díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà (ẹ ṣáà mọ ohun táwọn èèyàn wa ń fi orúkọ ajá ṣe). Bí wọ́n ṣe ń dúró de abẹ́rẹ́ la ń sọ̀rọ̀ omi, ìbòji àti ṣéènì fún wọn, wọ́n sì gbọ́. Tí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá gbabẹ́rẹ́, àrùn yẹn ò ní rọ́nà gbà mọ́. Ìgbà tá a jáde láìgbé abẹ́rẹ́ dání, ìwé tá a pín, àwọn ará àdúgbò fi wé àkàrà ni.

Ẹnì kan bi wá bóyá ọlọ́pàá lè mú ẹni tó ń lu ajá. Ó wà nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, section 495, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì, ìyẹn ₦50 tí ò tó owó bọ́ọ̀sì Ojúẹlẹ́gba sí Yaba. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò fẹ́: ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀ yín, ẹ máa ra T-shirt, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù, wọn ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa bóyá a ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, bẹ́ẹ̀ àwa là ń di ajá mú. Ẹ lọ gba tiyín kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. 28 September, Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ni wọ́n máa ń ṣe èyí tó tóbi jù, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí wọ́n bá sì gbé ìwé òyìnbó yẹn lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ kà á, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́.