Ẹ ṣọ́ra o! Wọ́n ti ń ta bírèkì oníwáyà ní hydraulic

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀gbẹ́ni kan wà l'Ékòó níbí tó ń polówó kẹ̀kẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo bírèkì wọn ló máa ń pè ní hydraulic, ìyẹn bírèkì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, á wá gbówó lé e. Àbúrò mi ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e wálé, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, irọ́ pátá! Wáyà ló wà níbẹ̀, sítíkà lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú.

Mi ò ní nǹkan tuntun ò dáa o. Hydraulic gidi dáa, ta ló fẹ́ jiyàn, ọ́ìlì ló ń ti páàdì, ìka kan lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ tí kẹ̀kẹ́ á dúró, kódà nínú òjò níbi tí bírèkì tó ń di ríìmù mú á ti máa yọ̀. Bírèkì dísìkì (irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí) tó jẹ́ oníwáyà náà ò burú, ó tiẹ̀ rọrùn tún ṣe jù, ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ máa fi san owó hydraulic lé e lórí?

Ẹ wo caliper, irin tó gbá dísìkì mú nídìí táyà yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí wáyà irin tó yọ síta, tí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ apá kékeré kan tó ń mì bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ bírèkì, ẹni tó bá pe ìyẹn ní hydraulic gidi fẹ́ fi yín ṣe mùgù ni. Ti hydraulic, họ́ọ̀sì ló wọnú ẹ̀ lọ, ẹ ò ní rí wáyà kankan. Tó bá sì jẹ́ ojúlówó, ẹ tẹ ọwọ́ bírèkì kẹ́ ẹ dì í mú: tó bá ń rọra wọlẹ̀ títí tó fi kan hándù, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì tí wọ́n bá ṣáà ti rí sí i o, ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní mineral oil ni bírèkì Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ń lò, tí wọ́n bá da DOT, ọ́ìlì bírèkì mọ́tò, sí i, àwọn sílì inú ẹ̀ á bàjẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ra derailleur (irin tó ń sún ṣéènì láti jíà kan sí òmíì) jíà 12 so mọ́ kẹ̀kẹ́ jíà 7. Kò lè ṣiṣẹ́! Ọwọ́ jíà, ṣéènì, kásẹ́ẹ̀tì (àwọn eyín jíà ẹ̀yìn), gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kásẹ́ẹ̀tì 12 ti Deore tí Shimano gbé jáde ní 2020 gan-an, họ́ọ̀bù (àárín táyà) tí wọ́n ń pè ní Micro Spline ló ń wọ̀, kò ní wọ ti àtijọ́. Kẹ́ ẹ tó ra gbogbo ìyẹn tán, owó kẹ̀kẹ́ míì ti lọ.

Àbúrò mi ní kó dá owó òun padà, ló bá block ẹ̀. Ó ṣì ń polówó o, fọ́tò ló kàn pààrọ̀. Ẹ ní kó ya fídíò caliper yẹn kó sún mọ́ ọn dáadáa, tó bá ti ní fóònù òun ò ní ṣáájì, ẹ wá ibòmíì lọ.